Pátákó Keje, Pátákó Kẹjọ

1.

…nítorí báàjì ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀gá, kì í ṣe nítorí ewú orí rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n léraléra ni Kobi Tresch ti fi ìbọn yíyìn gba báàjì ewé, irin pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lára. Kò sí ọdún kan tí ó já sí òfo láàárín wọn. Baba rẹ̀ náà gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ó tó kú.

Ọjọ́ Àìkú yìí ni ti Kobi yóò pé ọgbọ̀n.

Yóò wá ju baba rẹ̀ lọ.

(Ẹ pa gbólóhùn ìkẹyìn yẹn rẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.)


2. Ìkéde, lára ilẹ̀kùn ilé ìpàdé

ẸGBẸ́ AYÌNBỌN HINTERAU
ÌDÍJE ỌDỌỌDÚN

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. A kì í yìnbọn nígbà tí àlùfáà bá ń wàásù.
Ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ọta méjìdínlógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Ẹni tí ó bá gba máàkì mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba báàjì ewé.
A ti kó àwọn màlúù kúrò lẹ́yìn àwọn pátákó tí a ń yìnbọn sí.
A ń rán yín létí pé bí a kò bá pé ogún lọ́dún yìí, wọn yóò ti pápá wa pa.


3.

Mọ́kàndínlógún ni wọ́n.

Kobi ka orúkọ àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, àwọn àgbà ti lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀. Ó gbé ojú sókè kúrò lára ìwé, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ilé ìdáná ẹgbẹ́, níbi tí Marlis ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ ìkòkò.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Marlis ti ń dín sọ́séèjì fún àwọn ayìnbọn wọ̀nyí. Ó ti gbọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn gba ara ògiri kọjá. Kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́kun.

Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.


4. Ohun tí wọ́n sọ nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà sílé

KOBI: Marlis, wá yìnbọn lọ́jọ́ Àìkú.
MARLIS: Ta ni yóò dín sọ́séèjì?
KOBI: A máa wá ẹlòmíràn.
MARLIS: Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí o ti gbé mi níyàwó, òní ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo lójú.
KOBI: Ó ku ẹnìkan kí a pé ogún ni.
MARLIS: Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu ọkọ mi.
KOBI: Ṣé o máa wá àbí o ò ní wá?
MARLIS: Ṣé o gbọ́ pé mo ní mi ò ní wá?


5. Ìwé kan lára fíríìjì, ọwọ́ Kobi ni ó kọ ọ́

(a) Ìbọn kì í purọ́. Ènìyàn ni ó ń purọ́.
(b) Mí símú. Mí síta díẹ̀. Dúró. Fà á jẹ́jẹ́. Má ṣe já a gbà.
(d) Nọ́ńbà pátákó tìrẹ ni kí o máa wò. Tìrẹ nìkan. Aládùúgbò kò kàn ọ́.
(e) Bí wọ́n bá ní “Dúró!”, ìka kúrò. Bí ọta bá ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù nìyẹn.
(ẹ) Má ṣe rẹ́rìn-ín lórí ẹní ìyìnbọn.

Lábẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ ẹlòmíràn:

Ra bọ́tà.


6.

Ìrọ̀lẹ́ márùn-ún ni Kobi fi kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn ní pálọ̀, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀. Marlis dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kobi dúró lé e lórí, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ń to igi ìdáná. Ológbò wá sùn sí ẹ̀yìn Marlis. Marlis rẹ́rìn-ín. Kobi nawọ́ sí fíríìjì, sí ìlà ìkẹyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ karùn-ún, Marlis gbé igi náà sí èjìká òsì.

Kobi gbé e padà sí ọ̀tún.

Marlis gbé e padà sí òsì.

“Ojú òsì mi ni ó ríran jù.”

“Kò sí ẹni tí ó ń fi òsì yìnbọn nínú ìdílé Tresch.”

“O ṣeun. Ẹ̀yin ni wọ́n bí sí ìdílé Tresch. Èmi, ẹ fẹ́ mi wọlé ni.”

Igi náà dúró sí òsì. Kobi gbà fún un. (Rárá. Kọ ọ́ báyìí: ó ti rẹ Kobi.)


7. Lórí fóònù, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní “Ilé Wa”

NADJA: Màmá, ẹ̀yin náà ń lọ yìnbọn? Ta lẹ bá jà?
MARLIS: Kò sí o. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ fi máa ń fẹ̀rín wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.
NADJA: Kí bàbá ṣáà má kígbe lé yín lórí. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò.
KOBI: Mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo ń kà á.
NADJA: Ẹ kú ilé o, bàbá.


8.

Ọjọ́ Àìkú. Oòrùn. Kò sí afẹ́fẹ́. Kò sí àwáwí.


9.

Wendel, ọ̀gá pápá, fún wọn ní ẹní méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kobi ni ó ni pátákó keje, Marlis ni ó ni ẹ̀kẹjọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ń fi ibi tí ọta bà hàn: mẹ́rin ni ó dára jù, òdo ni ó burú jù. Ní ọ̀ọ́dúnrún mítà, ojú lásán kò rí nǹkan kan. Ohun tí ẹ̀rọ bá wí, òun náà ni.

Ọta méjìlá àkọ́kọ́ kò ní ìkánjú nínú. Nígbà tí wọ́n yìn ín tán, Wendel gbá ikarahun ọta kúrò nílẹ̀.

Kobi: méjìdínlógójì.
Marlis: mọ́kàndínlógójì.

Oòrùn wà lójú Kobi.

(Pa á rẹ́. Oòrùn kan náà ni ó wà lójú àwọn méjèèjì.)


10. Kí ọta mẹ́fà ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀

KOBI: Èjìká rẹ ga jù.
MARLIS: Mẹ́rin ni mo gbà yẹn.
KOBI: Mo ní ó ga jù. Ìgúnpá rẹ náà ń ṣí kiri.
MARLIS: Kobi, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi níbí, ta ni ó ń bá ọ ṣọ́ tìrẹ?
WENDEL: Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, ẹ mú ìyókù dé ilé! Ó ku ọta mẹ́fà. Ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ múra!


11.

Kobi yin ọ̀kan. Mẹ́ta.

Ó yọjú wo ẹ̀rọ Marlis. Méjì. Ó ń kánjú, ni Kobi sọ nínú ara rẹ̀. Mo sọ fún un.

Ó yin òmíràn. Mẹ́rin. Òmíràn. Mẹ́rin.

Ó tún yọjú wò. Ìgúnpá obìnrin náà ti kúrò ní ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ibẹ̀ ni ọkàn Kobi wà nígbà tí ó dá orí padà sídìí ìbọn. Ojú tẹ̀lé ọkàn. Ìbọn tẹ̀lé ojú. Ó mí síta díẹ̀, ó dúró, ó fà á jẹ́jẹ́, kò já a gbà.

Nínú gbogbo ọta tí ó yìn lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tí ó mọ́ tó ọ̀kan yìí. Ó lọ tààrà sí àárín gbùngbùn pátákó kẹjọ.

Kobi kò mọ̀.

(Pa á rẹ́.)

Ó mọ̀.


12. Ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ

PÁTÁKÓ 7. TRESCH K.
13: 3
14: 4
15: 4
16: —
17: 3
18: 3
Àpapọ̀: 55

PÁTÁKÓ 8. TRESCH M.
13: 2
14: 3
15: 3
16: 4
17: 4
18: 3
Àpapọ̀: 58


13.

KOBI: Wendel! Ẹ̀rọ mi gbé ọta kan mì.
WENDEL: Ẹ̀rọ yìí? Tuntun ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta.
KOBI: Mẹ́fà ni mo yìn. Ka ikarahun wọn.
WENDEL: Ọ̀kan, méjì… mẹ́fà ni lóòótọ́. Ṣé kì í ṣe pé o yin ọ̀kan sí ti aládùúgbò?
KOBI: Èmi?

(Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Ẹnìkan ní, “Kobi kẹ̀! Ọjọ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, màlúù á máa kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì.”)

WENDEL: Marlis, tìrẹ ńkọ́? Mélòó ni ẹ̀rọ kọ?
MARLIS: Mẹ́fà.
WENDEL: Ó tán. Ẹ̀rọ ni ó ṣàṣìṣe. Kobi, wàá tún ọ̀kan yìn.


14. Láti inú ìwé òfin Ẹgbẹ́, òfin kẹsàn-án

Ẹni tí ó bá yìnbọn sí pátákó ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí ó tó dìde lórí ẹní. Òdo ni ọta náà. Kò sí àtúnyìn. Aládùúgbò rẹ̀ kò ní gba máàkì ọta náà. A kò ní fi ọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, nítorí ọmọlúàbí ni ayìnbọn.

Ẹni tí ó kọ ọ́: K. Tresch, akọ̀wé nígbà náà.


15.

Kobi ṣì wà lórí ẹní.

Lẹ́yìn wọn, Wendel ti gbóhùn sókè: “Ẹ gbọ́ o! Marlis gba báàjì ewé lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìbọn!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ó wá jẹ sọ́séèjì tí ẹlòmíràn dín. Marlis kò dìde. Ó dojú bolẹ̀ sí ibi tí ó wà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní dídì.

Kobi wo ikarahun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyàwó rẹ̀.

Márùn-ún.

Ó tún un kà. Márùn-ún ni. Nígbà tí Wendel kígbe “Dúró!”, ọta kan ṣì wà fún un láti yìn, ó sì mú ìka kúrò gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò ka ikarahun rẹ̀. Ta ni yóò ka ikarahun ẹni tí wọ́n mú wá kí ogún lè pé?

Márùn-ún ni ó yìn. Mẹ́fà ni ó ba pátákó rẹ̀.

Kobi bá ara rẹ̀ ṣe ìṣirò. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ti Marlis yóò di mẹ́rìnléláàádọ́ta. Báàjì rẹ̀ lọ. Ti òun yóò dúró sí márùndínlọ́gọ́ta. Báàjì òun náà lọ. Bí òun bá dákẹ́, báàjì méjì yóò wọ ilé kan lọ́jọ́ kan. Inú ìyàwó yóò dùn. Ó tọ́ kí ọkọ rere dákẹ́ nítorí ayọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ó ń fi ayọ̀ Marlis ṣe ìṣirò.


16.

—


17.

WENDEL: Kobi, ó ku ọta kan fún ọ. Níbo ni wọ́n gbé àpótí ọta sí? Ẹ bá mi gbé e wá!

Marlis na ọwọ́ kọjá láti orí ẹní kan sí èkejì. Ó la ọwọ́ náà lábẹ́ àgbọ̀n ọkọ rẹ̀, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò lè dé. Ọta kan wà nínú rẹ̀, tí òógùn ti mú kí ó máa dán.

MARLIS: Gba èyí. Mi ò lò ó.
KOBI: Marlis.
MARLIS: Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àbí? Ìwọ lo sọ fún mi bẹ́ẹ̀.
KOBI: O mọ̀.
MARLIS: Kí ni mo mọ̀? Sọ ọ́ kí n gbọ́.
WENDEL: Kí lẹ ń sọ níbẹ̀? Àpótí ń bọ̀!
MARLIS: Má gbé e wá mọ́, Wendel! Ọkọ mi ti rí ọ̀kan.


18.

Ọta náà gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Bí ó bá yìn ín, kò ní sí ẹ̀rí mọ́ láyé. Bí Marlis bá kó ikarahun rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà ni yóò jẹ́ fún àwọn méjèèjì, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ rántí kà á. Bí kò bá yìn ín, yóò ní láti sọ ìdí.

Ó tì í sínú ìbọn. Ó gbé àgbọ̀n lé e. Pátákó keje wà níwájú rẹ̀ gan-an, funfun nini, ó tóbi ju bí ó ti máa ń tóbi lọ. Kò sí àgbà ayìnbọn tí ó lè tàsé rẹ̀.

Marlis ti yọ ìbòtí tí ó fi ń dí ariwo ìbọn kúrò létí. Kò wo pátákó. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

WENDEL: Pátákó keje, ṣé o ti ṣetán?

KOBI: