Ohun Tí Jíìpù Náà Ń Mu

Ọlájídé fi èjìká ti jíìpù náà, ó mì í lọ, ó mì í bọ̀. Epo tó wà lọ́rùn táńkì ró gbọlọgbọlọ, ó sì lọ sílẹ̀. Ó yẹjú wò ó. Ó ní kí ọmọbìnrin tó di ẹnu ẹ̀rọ mú tún fi díẹ̀ sí i.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rẹ ọkọ̀ lẹ́kún ni?" Azeezat bi í. Òun ló máa ń ta epo fún un ní ilé epo yìí, ní Ìlaròó. "Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n."

Awakọ̀ kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá mì í dáadáa. Ó fẹ́ kó gba ti àwọn ará òdìkejì ibodè mọ́ ọn ni."

Ọlájídé kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀. Ó tún mì í. Nígbà tí epo dé ẹnu táńkì tí kò lọ sílẹ̀ mọ́, ó ní, "Ó tó." Ó wo iye líta tó wọlé. Ó wo aago tó ń ka kìlómítà. Aago epo ti kú tipẹ́; ohun tó ṣe yìí nìkan ni ọ̀nà tó fi lè mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń mu. Ó pín ọ̀kan sí èkejì lọ́kàn rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé ìjọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, wà ní ìjókòó iwájú, ó forí ti gíláàsì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Kí ló wí, Bàbá Peace?"

"Kìlómítà mẹ́rin sí líta kan."

"Bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, nígbà náà."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n máa wá. Peace, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló ń san owó ẹ̀rọ láti Èkó, ó sì ti ní òun yóò san ti ẹ̀ẹ̀mejì. Epo ni ti Ọlájídé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lè ra ju táńkì kan lọ lọ́sẹ̀. Láti Àgọ́sásà, níbi tí ilé wọn wà, dé Abẹ́òkúta jìnnà. Bí jíìpù ti ń mu epo yìí, táńkì kan á lọ, á bọ̀, lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tún gbéra, àárín ọ̀nà ni yóò parí sí. Kò fẹ́ tọrọ owó epo lọ́wọ́ Peace. Ó ní ẹrù tó wà lórí ọmọ náà ti tó.

Wọ́n ti wọ ọkọ̀ èrò rí. Ìbíyẹmí bì lójú ọ̀nà, ó kan aṣọ ẹlòmíì. Awakọ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lẹ́yìn Ayétòrò, wọ́n jókòó sínú oòrùn títí ẹnìkan fi ṣàánú wọn. Láti ọjọ́ náà ni Ìbíyẹmí ti ní òun kò wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀nà oko tó gba iwájú ilé wọn kọjá kò gba ọkọ̀ kékeré. Jíìpù àtijọ́ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà yìí nìkan ló ń la ẹrẹ̀ náà já.

Ọlájídé sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó tú irin ẹrù orí òrùlé kúrò. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Kò tan fáànù, bí ooru tilẹ̀ mú. Bó bá ti kúrò nínú ẹrẹ̀, á tètè dá ọkọ̀ padà sí táyà méjì. Jẹ́jẹ́ ló ń wà á, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá lára rẹ̀.

"Bàbá!" ọlọ́kadà kan kígbe bó ṣe ń yà wọ́n sílẹ̀, "ṣé òkú lẹ gbé ni?"

Ìbíyẹmí ló rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi dá a lóhùn pé kò tí ì yá."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Ọlájídé tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin náà ni.

Ìgbà kan, bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìlaròó, Ìbíyẹmí fi etí ìborùn bo imú.

"Bàbá Peace, òórùn epo yìí ń yọ mí lẹ́nu."

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé epo ni."

"Láti Abẹ́òkúta ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ló ti ń wá."

"Àìsàn náà ni. Dókítà ti sọ fún wa pé oríṣiríṣi nǹkan lá máa rùn sí ọ."

"Bóyá." Kò sọ ọ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tẹ́lẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó dé orúnkún. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn, ìrọ̀rí lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, èémí rẹ̀ ń ró bíi ti ẹni tó gun òkè. Ọlájídé ń jókòó tì í. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín wọn. Kò sí tẹ́lẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Micah, ajíhìnrere ìjọ wọn, yà kí aláìsàn. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́yìn jíìpù.

"Bàbá, ọkọ̀ yín ń tọ̀ sára o."

Ọlájídé kúnlẹ̀ wò ó. Ilẹ̀ tutù díẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Epo ni. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà. Micah rò pé ó ń gbàdúrà, ó rọra lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé ọkọ̀ lọ bá Abdulfatah, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ìlaròó. Abdulfatah wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi sípánà kan táńkì ńlá, ó kan táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún kan kékeré náà.

"Bàbá, kí ló wà nínú èyí?"

"Kò sí nǹkan kan. Ìwọ lo dí i."

Òótọ́ ni. Táńkì méjì ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà níbi tó ti wá. Kùtọnu ni Ọlájídé ti rà á, ìwé rẹ̀ pé, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ibodè, níbi tí wọ́n ti ti àwọn ilé epo pa, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì epo kọjá, ọkọ̀ olójú táńkì méjì ni wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn onífàyàwọ́. Ní ọdún kan, kí àìsàn tó dé, aṣọ́bodè kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà Òwódé. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kàn bi í léèrè pé, "Bàbá, epo ta lẹ ń bá wọn gbé?" Àwọn èrò tó wà nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọjú wò ó. Àwọn kan nínú wọn, ọmọ iléèwé rẹ̀ ni wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ló wá ní kí Abdulfatah dí ẹnu táńkì kékeré náà pa, kí ó sì gé wáyà tó ń darí epo sí i. Ó ní òun kò ní darúgbó tán kí wọ́n wá máa pe òun ní onífàyàwọ́.

Abdulfatah tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táńkì kékeré náà. Epo tú jáde, ó gba gbogbo apá rẹ̀. Ó pariwo pé kí wọ́n gbé abọ́ wá. Abọ́ kún. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wá, òun náà kún. Wọ́n gbé òmíràn.

Nígbà tó dá, Abdulfatah jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo dí ẹnu rẹ̀, Bàbá. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"Ṣé ẹ rí páìpù yìí? Epo tí ẹ́ńjìnnì ò lò, òun ló ń dá a padà. Inú táńkì ńlá ló yẹ kó máa dà á sí. Ìgbà tí mo gé wáyà yẹn, ẹnu rẹ̀ wà níbí. Ibí ló ń dà á sí látìgbà náà. Ìgbà tó kún, ó ń gba ihò afẹ́fẹ́ jáde, ó ń dà sójú ọ̀nà."

"Ọkọ̀ náà kọ́ ló ń mu ún."

"Kò mu ún, Bàbá."

Ọlájídé wo àwọn kẹ́ẹ̀gì náà. "Mélòó ló ń mu?"

Abdulfatah yí páìpù náà padà. Wọ́n kún táńkì dé ẹnu, wọ́n mì í, wọ́n lọ sí Ìgbógílà, wọ́n bọ̀, wọ́n tún kún un. Kìlómítà mẹ́fà ààbọ̀ sí líta kan. Ọlájídé tún un pín. Mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Táńkì kan á lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mejì, á sì ṣẹ́kù.

"Ẹ dárí jì mí," Abdulfatah wí.

"Èmi ni mo rán ọ níṣẹ́."

Nígbà tó délé, Ìbíyẹmí wà lórí ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Ọlájídé fa àpótí, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Òórùn epo tó o gbọ́ yẹn, òótọ́ ni."

Ó rò ó fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ìbíyẹmí ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, wọ́n gbọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń ha èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ ń mì í yẹn?" ó bi í.

"Gbogbo rẹ̀."

"Nítorí ọ̀rọ̀ tí aṣọ́bodè sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìbíyẹmí fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ tó wú. "Ojú ti tì yín jù láyé yìí, Bàbá Peace." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó mí. "Ṣé a ó lọ lọ́la, ká tún lọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"A ó lọ."

"Ó dáa. Ẹ má sọ fún Peace."

"Èéṣe?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kù. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dúró sáàárín yín."

Wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀mejì. Epo ń tó. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà pe Ọlájídé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní omi tó ń wú u lára ti pẹ́ lórí ọkàn Ìbíyẹmí. Ó bi í pé kí ló dé tí wọn kò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọlájídé ní ọkọ̀ ni. Dókítà mi orí. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ìbíyẹmí kú, lórí àga ẹ̀rọ náà. Ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti hú lóko. Nọ́ọ̀sì bi í ní nǹkan kan, kò dáhùn.

Peace dé láti Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n fi òkú sílẹ̀ ní ilé ìgbókùúsí, baba àti ọmọ jọ wọ jíìpù, wọ́n kọrí sílé. Peace sunkún títí wọ́n fi kọjá Ayétòrò. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀.

"Ọkọ̀ burúkú! Ọ̀mùtí! Ká ní kò mu epo báyìí ni, Màmá ì bá ti máa lọ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tí dókítà ti sọ ọ́. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ǹ bá ti wá owó epo."

Ọlájídé pààrọ̀ jíà.

"Ẹ tà á. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mi ò fẹ́ bá a lójúde wa mọ́."

Wọ́n kọjá Ìlaròó. Azeezat juwọ́ sí wọn láti ilé epo. Ọlájídé kò yà.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Kò mu jù, Peace."

"Kí ni?"

"Ọkọ̀ náà. Kò mu jù. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n." Ó sọ ti aṣọ́bodè fún un, ó sọ ti táńkì kékeré, ó sọ ti páìpù. Ó sọ ti òórùn tí ìyá rẹ̀ gbọ́, àti èsì tí òun fún un. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀. "Màmá rẹ ní kí n má sọ fún ọ."

Peace wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kẹ́yìn sí baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ọlájídé jókòó síbẹ̀. Epo tó ṣẹ́kù nínú táńkì ṣì tó láti lọ sí Abẹ́òkúta àti láti padà wá, lẹ́ẹ̀kan sí i.