Jìtá Méjì Nínú Orin Kan

Ohùn jìtá méjì ni télọ̀ àgbà kan máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tó bá rántí ilé baba wọn: ọ̀kan ń lọ nísàlẹ̀, ọ̀kan ń bá a rìn lókè. Inú kásẹ́ẹ̀tì kan tí àlejò gbàgbé sílé wọn ló ti ń jáde, orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun àti àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ títí téèpù fi já.

Ó ti lé ní ogójì ọdún. Lọ́sàn-án òní, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle ń táràrà lórí okùn jìtá, ó ń wá orin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

"Bàbá, ẹ rọra," ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọ wí. "Kì í ṣe aṣọ lẹ ń rán."

"Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ǹ bá ti parí ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé jìtá tirẹ̀. "Ẹ tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má wò mí o, ẹ ṣáà máa lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi bá a dá sí orin náà, ohùn tirẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ pọ̀. Ọwọ́ télọ̀ dúró.

"Kí lo ta yẹn?"

"Ohùn kejì ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Tí ẹnì kan bá dá a ta, ó máa ń ṣófo."

"Kì í ṣe pé o ṣì í ta?"

"Mo ṣì í ta kẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ló le jù."

Télọ̀ gbé jìtá sílẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe ta á gẹ́lẹ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣeré níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, tí òun já jìtá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní, "Olódo, o ń ba orin jẹ́." Àbúrò ò bá a jà. Láti ọjọ́ náà, ìkíni ọdún nìkan ló kù láàrin wọn.

Nígbà tí télọ̀ délé, ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè é. "Ìyàwó àbúrò yín pè. Ẹ̀rọ tó ń la pákó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ọ̀la ni wọ́n máa gé ìka méjì."

Ó jókòó.

"Ó ní ohun tí ọkọ òun ń bi dókítà ṣáá ni bí òun á ṣe máa ta jìtá."

"Ó ṣì ń ta á?"

"Ojoojúmọ́ ni, wọ́n ní. Ẹ ò mọ̀? Ẹ pè é, baba àwọn ọmọ."

"Kí n wí kí ni? Èmi lẹ̀gbọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí èmi-lẹ̀gbọ́n yẹn sinmi díẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún."

Télọ̀ mú fóònù wọ yàrá. Ó kọ ọ́ pé kí àbúrò tètè gbádùn kí àwọn lè jọ ta jìtá; ó rántí ìka méjì yẹn, ó pa á rẹ́. Ó kọ àdúrà. Ìyẹn náà dà bí ẹni ń sá, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó yá, ó fi èyí ránṣẹ́:

"Àbúrò mi, o ò ṣì í ta lọ́jọ́ yẹn nílé ẹ̀kọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Tìẹ le ju tèmi lọ, ó sì dára. Dárí jì mí. Màá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la kí wọ́n tó gbé ọ wọlé."