Ọrun Mi àti Ṣakabùlà Jasper

Ìbọn ṣakabùlà dé Aldercombe, abúlé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìkórè. Jasper ahunṣọ ni wọ́n gbé e fún. Àbúrò mi pátápátá ni. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń lọ ta ọfà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo abúlé ló ń tẹ̀ lé mi. Nísinsìnyí, Jasper ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó mi pàápàá lọ wò ó.

Ó ní, "Ambrose, ariwo rẹ̀ mà dùn o!"

Mo gbé ọrun mi, mo ń nù ún.

Ọ̀gágun Ọbabìnrin wá yan ọmọ ogun tí yóò bá àwọn ará Sípéènì jà. Ẹni tí kò bá yàn, ṣọ́bìrì ni yóò gbé, kòtò ni yóò máa gbẹ́. Ó ní kí èmi àti Jasper ta sí àmì kan náà.

Kí Jasper tó ki ẹ̀tù, kí ó tó fẹ́ iná orí okùn tí ó fi ń tan ìbọn rẹ̀, ọfà mi ti kún ojú àmì. Ó wá yìn ín. Ó tàsé.

"Jasper, ṣé ẹyẹ lo fẹ́ dẹ́rù bà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Èéfín ló wọ̀ mí lójú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Ọ̀gágun bi mí pé, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí o tó mọ̀ ọ́n ta báyìí?"

Mo na àyà. "Ọ̀gá, láti kékeré ni. Irùngbọ̀n ti hù kí n tó lè fa ọrun àgbà. Ẹ wo apá mi, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ."

"Jasper, ìwọ ńkọ́?"

Jasper wolẹ̀. "Lẹ́yìn ìkórè ni, ọ̀gá."

Ọ̀gágun mi orí. "Bí ará Sípéènì bá pa Jasper, màá rí arọ́pò kí òjò dídì tó yọ́. Bí wọ́n bá pa ìwọ, ọmọ tí wọ́n bí lónìí ni màá máa dúró dè."

Mo rò pé mo ń yin ọrun ni.

Ọ̀gágun wá ní kí gbogbo tafàtafà gbé ọrun sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́ ìbọn, ṣọ́bìrì wà ńlẹ̀.

Jasper gbé ìbọn tirẹ̀ lé mi léjìká. "Ẹ má fà á bí ọrun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rọra tẹ ibí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èéfín lọ, àárín àmì ti lu.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ ọ́n!" Ó ń fò sókè. Tọkàntọkàn ló fi ń bá mi yọ̀.

Mo dá ìbọn rẹ̀ padà fún un. Ó dùn mí pé n kò tàsé.