Pátákó Ìkẹ́

Ìka Ìkẹ́ kúrò ní igun pátákó, ó ń ka orí ìṣó lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó dúró, ó yí ìka sókè, ó tún ka méjì. Ó wá fi rọ́bà kékeré tó dì mú lọ́wọ́ kejì kọ́ ìṣó náà lọ́rùn.

“Mẹ́ta, méjì,” ló wí.

“Ó tọ̀nà,” ni Gbádégẹṣin, olùkọ́ ìṣirò, dáhùn.

Débọ́lá, ọ̀rẹ́ Ìkẹ́, pòṣé lórí bẹ́ǹṣì. “Sà, ẹ ní kó rọra. Tó bá ń yá jù mí lọ báyìí, kí lèmi fẹ́ sọ nílé?”

“Sọ fún wọn pé ojú lò ń lò, o ò lo ọpọlọ,” Ìkẹ́ dá a lóhùn.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Gbádégẹṣin ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Òun ló ṣe pátákó náà. Ó ra pákó pẹlẹbẹ kan ní Agboju, ó fi rúlà fa ilà sí i ní ìbú àti ní òró, ó wá kan ìṣó kéékèèké mọ́ gbogbo ibi tí ilà ti pàdé ilà. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ di kápẹ́ńtà lójú ogbó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún tó kọjá ni ojú Ìkẹ́ fọ́. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú ojú ọmọ dání lọ. Báyọ̀, bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ epo ní Satellite Town, ló ń dá tọ́ ọ.

Ìyáàfin Stella, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní gíráàfù wà nínú ìdánwò ìparí ọdún, kò sì rí bí ẹni tí kò ríran ṣe máa ya gíráàfù. Ó fi ọjọ́ Ẹtì sí i. Bí Ìkẹ́ bá lè ṣe é níṣojú òun, yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá sí kíláàsì tó kàn. Bí kò bá lè ṣe é, kí Báyọ̀ mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú, níbi tí yóò ti máa gbé, tó jìnnà sí Festac tí wọ́n wà. Báyọ̀ gbà, torí kò rí ọ̀rọ̀ tó lè fi kọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Ìkẹ́ tilẹ̀ jókòó, ó máa ń di apá aṣọ Débọ́lá mú.

Ọjọ́rú ni wọ́n dé ibi máínọ́ọ̀sì.

“Máínọ́ọ̀sì méjì, mẹ́ta,” Débọ́lá kà á látinú ìwé.

Ìkẹ́ fi ìka lé igun pátákó, ó yí i sí òsì. Ìka náà bọ́ sínú afẹ́fẹ́.

“Pátákó ti tán, sà.”

“Tún un wá.”

Ó fọwọ́ ra etí pátákó látòkè dé ìsàlẹ̀. “Ó ti tán. Ṣé tàwọn yòókù tóbi ju tèmi lọ ni?”

Débọ́lá ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ojú ti Gbádégẹṣin. Òun ló ní kó máa bẹ̀rẹ̀ láti igun, torí ìka tí kò ní ojú nílò etí tó máa dì mú. Látìgbà náà, ọ̀tún àti òkè nìkan ni wọ́n ń lọ. Igun ti di òdo lọ́kàn ọmọ náà, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn òdo. Ọgbọ́n tó rò pé òun dá ló gé pátákó náà kúrú.

Ó gbé ìka Ìkẹ́ sí àárín. “Ibí ni òdo wà.”

“Ṣé ẹ ti gbé e kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, sà?”

“Ibí ló yẹ kó ti wà.”

Ìkẹ́ gbìyànjú. Àmọ́ bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò báyìí, igun ni ìka ń padà sí. Ìka ti mọ̀nà ilé. Gbogbo ohun tí Débọ́lá kà ló ṣì. Nígbà tó yá, ó tú àwọn rọ́bà kúrò lára ìṣó níkọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ Gbádégẹṣin.

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé mo gbìyànjú.”

Gbádégẹṣin kó rọ́bà sápò. “Dìde.”

Ó mú un jáde lọ sí géètì ilé-ìwé. Débọ́lá tẹ̀ lé wọn. Gbádégẹṣin mú Ìkẹ́ dúró láàárín géètì, ó kọjú rẹ̀ síta.

“Kí ló wà lọ́tùn-ún rẹ?”

“Ọ̀nà Amúwo, sà. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta.”

“Lósì?”

“Ọ̀nà Agboju. Ọ̀nà ilé wa.”

“Níwájú?”

“Títì.”

“Lẹ́yìn?”

“Kíláàsì wa. Ariwo wọn pọ̀ jù.”

“Tó o bá fẹ́ lọ sí Amúwo, ṣé wàá kọ́kọ́ lọ sí ìpẹ̀kun Agboju kó o tó máa ka ẹsẹ̀ bọ̀?”

Ìkẹ́ rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ibi tí mo bá wà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.”

Ìkẹ́ yí orí sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún.

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ló wí. “Òdo kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ pátákó. Ibi tí mo dúró sí ni.”

“Òun náà ni.”

Nígbà tí wọ́n wọlé, Gbádégẹṣin já bọ́tìnnì ńlá kan kúrò lára kóòtù rẹ̀, ó fi owú so ó mọ́ ìṣó àárín. Ó mú ìka Ìkẹ́, ó gbé e lé e.

“Ìwọ rèé.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Stella jókòó kọjú sí Ìkẹ́. Báyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Gbádégẹṣin, ó ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

“Máínọ́ọ̀sì mẹ́rin, mẹ́ta,” ni Ìyáàfin Stella wí.

Ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, ó lọ sósì, ó gòkè. Rọ́bà kọ́.

“Méjì, máínọ́ọ̀sì kan.”

Ó tọ̀nà. Òmíràn náà tọ̀nà.

“Òdo, máínọ́ọ̀sì márùn-ún.”

Ìka dé orí bọ́tìnnì, ó dúró pa. Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì. Báyọ̀ la ẹnu. Gbádégẹṣin di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Òdo lẹ kọ́kọ́ pè, ma?”

“Òdo.”

“Mi ò ní yà síbì kankan nìyẹn.” Ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó ka márùn-ún, ó fi rọ́bà kọ́ ọ.

Ìyáàfin Stella wo pátákó náà títí. Ó wá di ojú ara rẹ̀, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò pẹ́ tó fi sọ nù.

“Ibo ni mo wà?”

Ìkẹ́ wá ọwọ́ rẹ̀ rí, ó sì gbé e padà sórí bọ́tìnnì. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ma.”

Nígbà tí Ìyáàfin Stella la ojú, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Ìkẹ́, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.”

Báyọ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin gbé e dìde.

“Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ,” ni Báyọ̀ wí.

“Má sọ ọ́. Wá oúnjẹ fún un.”

Débọ́lá ti ń sáré bọ̀. “Ìkẹ́! Mo ti fi àyè rẹ fún ẹlòmíràn lórí bẹ́ǹṣì o!”

“Tètè lé e dìde!”

Wọ́n jọ lọ, Ìkẹ́ gbé pátákó sábíyá. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ń fì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò di aṣọ ẹnikẹ́ni mú.

Bí gíráàfù ṣe parí nìyẹn. Nínú iṣẹ́ ìṣirò ọdún náà, ó ṣì ku orí ẹ̀kọ́ méjì.