Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ní Kí Àpótí Ẹyin Gbé Mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí lọ́jọ́ Sátidé, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọgọ́ta ẹyin awó ni Àǹtí Jàrátù, àbúrò bàbá mi, fẹ́ kó sínú àpótí tí mo ṣe, èyí tó ń pa ẹyin láìsí ìyá tó ń sàba. Bí wọ́n bá lè kó o síbẹ̀, gbogbo Òkè-Onígbìn á gbà pé mo ti di ẹni ńlá.

Bí mo bá ń kọ iṣẹ́ fún ṣíìpù, ọpọlọ kékeré tó ń darí àpótí náà, kọ̀ǹpáílà tó ń sọ ohun tí mo kọ di èdè ṣíìpù á fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ṣíìpù máa gbà jáde: okùn yùẹsíbì tó wọ kọ̀ǹpútà mi ni, àbí wáyà kékeré méjì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àbí kó panu mọ́ pátápátá? Èmi ní kó panu mọ́. Ṣé ẹ rí i, Àǹtí kì í jẹ́ kí àpótí sinmi, wọ́n á ṣáà ṣílẹ̀kùn yọjú. Mo wá fi ẹ̀rín kọ ohun tí ṣíìpù á máa sọ bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Kàkà kí n pa á rẹ́, mo ní kó dákẹ́. Ọ̀lẹ!

Ọjọ́ pé. Àwọn aládùúgbò kún àgbàlá Àǹtí. Àǹtí yọjú wo kọ̀ǹpútà mi.

"Ìsmáílà, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó gbóná tó? Kọ̀ǹpútà ẹ dúdú bí ìdí ìkòkò."

Kí n tó lanu, Yusrah, ọmọ kíláàsì mi ní Òmù-Àrán, ti jókòó tì í. "Ẹ má dààmú, mà. Kò la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni." Ó yí i sí yùẹsíbì, ó tún iṣẹ́ náà rán wọ ṣíìpù.

"Yusrah, fi í sílẹ̀!"

"Ṣé o ṣeun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ojú kọ̀ǹpútà tàn: 37.6. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Èmi náà ń tẹríba bí ọkọ ìyàwó. Ni Àǹtí bá dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn àpótí.

Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ka ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà sókè ketekete: "Ìyá atojúbọ̀ tún ti dé."

Astagafurullahi.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, mà. Òun ló ń dá sọ̀rọ̀."

"Ó mọ̀ mí?"

Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n tún un ṣí. Ó tún sọ ọ́. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, mà. Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ yẹn ló dùn mí. Atojúbọ̀, òótọ́ ni, mò ń yọjú."

Wọ́n gbé agbọ̀n ẹyin wọn. Mo ní ó parí, inú ilé ni wọ́n ń gbé e padà lọ. Wọ́n bá ń kó o sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Yusrah, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Ìsmáílà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹyin awó fi ń pa. Ní àràárọ̀ ni mò ń dúró lẹ́nu géètì àǹtí mi, tí mò ń bi Yusrah bóyá àpótí tí mo fọwọ́ ara mi kàn gbóná tó.