Àródan Tí Wọ́n Rán Kọ̀ǹpútà Àlàbá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín o, tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò bu iyọ̀ sí i.

Ọdún kẹta tí àwọn ṣọ́jà gbéjọba fún alágbádá ni. Àlàbá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé n'Ìkẹjà. Wọ́n ń to orúkọ àwọn fákítírì Ìkẹjà dé Agége sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwòrán kékeré tí oníkálukú ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Àlàbá ló kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa lọ kanlẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gba àwòrán bọ̀.

Ó gba mẹ́tàdínlógójì. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Adégbénró oníbísíkíìtì l'Ágége, ló bá dákú síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Àlàbá á pa á, á tún tàn án, ibì kan náà ló ń kú sí. Ó ní wáyà tẹlifóònù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ni ò dáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé yọjú. "Àlàbá, aago méjì làwọn onífákítírì ń bọ̀ wá wò ó. Tí ò bá ṣí, máa kó ẹrù ẹ. Àwọn oníkọ̀ǹpútà kan ní Maryland ti ń bẹ̀ mí fún iṣẹ́ yẹn."

Àlàbá gbá tábìlì. "Kọ̀ǹpútà yìí, o ò ní dáa!"

Bàbá Ràsákì tó ń ṣọ́ géètì gbọ́, ó wọlé. "Ta lò ń ṣépè fún láàárọ̀? Ibo lo rán an?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o. Ọ̀dọ̀ oníbísíkíìtì ni." Àlàbá bá ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Ádírẹ́sì méjì ni wọ́n ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ní àwọn ti kó lọ, kó lọ sí ìkejì. Ìkejì náà ní àwọn ti kó lọ, kó lọ sí… àkọ́kọ́?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Àródan ni wọ́n rán ọmọ ẹ!"

Ṣé ẹ rántí àródan? Ọmọ tó bá ń yọ ìyá ẹ̀ lẹ́nu, ìyá á ní, "Lọ bá mi gba àródan nílé kejì." Àwọn yẹn á ní ó ti tán lọ́dọ̀ àwọn, kó lọ sílé kẹta. Bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé!

"Ọmọ tó bá gbọ́n," Bàbá ní, "tí ẹ̀tàn yẹn bá ti pọ̀ jù, ilé ló ń bọ̀."

Àlàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó tún un kọ: tí wọ́n bá ní kó lọ síbòmíì, kó lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a padà síbi tó ti dé rí, tàbí tí wọ́n bá ti rán an kiri lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó fi wọ́n sílẹ̀, kó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ó tàn án. Àwòrán ń wọlé wìtìwìtì. Ti oníbísíkíìtì nìkan ló ṣófo.

Aago méjì, Adégbénró fúnra ẹ̀ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Tèmi dà?"

"Ẹ bi àwọn tó ń bá yín tọ́jú ádírẹ́sì yín, sà. Méjèèjì ń nàka síra wọn." Ó fi hàn án.

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó fa fóònù yọ, ó ń jágbe mọ́ ẹnì kan.

"O ò ní kó ẹrù mọ́," Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé rọra sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta tí Àlàbá fi jìyà àṣìṣe ẹlòmíì ló ń dùn ún. Ó bọ́ síta, ó ń kùn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló ti rán yín nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi o. Bí ìkọ̀wé yín ò bá dáa, tèmi náà ò dáa, màá kà á.