Apá Òsì Alùpùpù Eligio

Gbogbo ọlọ́kadà ìkóríta Los Almendros ló mọ̀ pé Eligio kì í gbé alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù a máa wá ibòòji igi fún tiwọn. Eligio a gbé tirẹ̀ sínú oòrùn gangan, a yí i síbí, a yí i sọ́hùn-ún, títí apá òsì rẹ̀ yóò fi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Candelario tó wà ní òdìkejì títì. Ìgbà náà ni òun alára yóò tó wá jókòó sábẹ́ igi. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí Candelario máa rí ni ìlà funfun kan lára tánkì, tó gùn tó ìka ọwọ́, tó sì jìn débi pé èékánná ń há sínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí Eligio ra alùpùpù náà, pupa fòò, ló gùn ún lọ fi han Candelario. Ọ̀rẹ́ ọmọdé ni wọ́n. Candelario yìí náà ló gbé Yokasta, ọmọ Eligio, lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti di compadre láti ọjọ́ náà, èyí tó ju ọmọ ìyá lọ nílùú wọn. Wọ́n mu kọfí nínú ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Eligio máa jáde, ìlà ti wà lára tánkì, bárò tí Candelario fi ń kó ẹrù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Eligio ní bárò ló ha á. Candelario ní láti ilé ìtajà ló ti bá a wá.

Ká ní ó sọ pé "pẹ̀lẹ́" lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n pẹ́ńtà ni Candelario, òun ni gbogbo ìlú ń gbé ọkọ̀ tó bá ti họ wá bá. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa gbà pé bárò òun ló ba alùpùpù tuntun jẹ́? Ó fi àáké kọ́rí. Eligio náà fi tirẹ̀ kọ́rí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ilé. Bí Yokasta bá sì dúró lójú títì láti gba ìre lẹ́nu bàbá ìsàmì rẹ̀, bàbá tó bí i lọ́mọ yóò ṣàdédé máa wá nǹkan kan lójú ọ̀run.

Eligio kò bèèrè alùpùpù mìíràn, kò sì bèèrè kọ́bọ̀. Gbólóhùn kan ló ń fẹ́: "Èmi ni, má bínú." Kò sí èrò tó gun alùpùpù rẹ̀ tí kò ro ẹjọ́ náà fún. Àwọn mìíràn a sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Oneida, ní bí òun bá kú lónìí, tí wọ́n bi Eligio ohun tó pa òun, bárò Candelario ló máa kọ́kọ́ sọ.

Bó ṣe wà nìyẹn títí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà fi yan alága tuntun, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fausto, tó fẹ́ràn òfin bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àádùn. Fausto ní ní ọjọ́ Sunday tí wọ́n máa gbé ère ẹni mímọ́ káàkiri ìlú, gbogbo alùpùpù ẹgbẹ́ ló máa tẹ̀ lé e, èyí tó bá sì ní ibi tó họ lára kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n máa yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ Friday. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dára, wọ́n máa gba nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ènìyàn mẹ́fà ló ń dúró de nọ́ńbà, Eligio sì ni nọ́ńbà kẹrin, òun ló fi ń jẹun.

Ó lọ bá Fausto, ó ṣàlàyé pé ìlà náà kì í ṣe ìbàjẹ́, ẹ̀rí ni. Fausto bi í pé ní kóòtù wo.

Ìrònú bá Eligio. Ní Wednesday, ó ra agolo ọ̀dà pupa kékeré kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú ìlà náà fúnra rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i; ṣùgbọ́n ti Eligio kò bu ẹwà kankan. Oneida jáde, ó wò ó títí, ó bi í bóyá adìyẹ ló pa sórí tánkì.

Pẹ́ńtà kan ṣoṣo ló wà nílùú. Ní Thursday, Eligio ti alùpùpù rẹ̀ sọdá títì. Àwọn tó ń ta dómínò lábẹ́ igi dá ọwọ́ dúró.

Candelario kò kí i. Ó nu ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo tánkì náà.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ apẹran yìí?"

"Èmi ni," ni Eligio wí.

Candelario fi tínà fọ ọ̀dà náà kúrò. Ó bu omi sí sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ojú ìlà náà, jẹ́jẹ́, ọ̀nà kan náà, kò yí ọwọ́ padà. Ó fi púútì dí i, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún rà á. Nígbà tó kù díẹ̀, ó di ojú, ó ń fi ìka wá ibi tó bá ṣì ga. Eligio wà lórí àpótí, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè, ó sì ń retí gbólóhùn rẹ̀.

Ó kan ọ̀dà. Candelario ṣí agolo pupa tó bá irú alùpùpù náà mu, ó kán an sórí páálí kékeré kan, ó gbé páálí náà sí apá ọ̀tún tánkì nínú oòrùn. Wọ́n bá ara wọn mu rẹ́gí. Ó gbé e wá sí apá òsì, pupa agolo ń ké, tánkì ti ṣá bí ìbẹ́pẹ. Ó padà sí ọ̀tún, ó tún wá sí òsì. Ẹnu yà á. Láti ọjọ́ tó ti ń kun ọkọ̀, kò tíì rí alùpùpù kan ṣoṣo tó jẹ́ méjì.

"Oòrùn ibo ló pa apá kan tó dá èkejì sí?"

Eligio ń wo bàtà ara rẹ̀.

Candelario gbé orí sókè. Ó wo òdìkejì títì, ó rí ibi tí ọ́ìlì alùpùpù Eligio ti kán sílẹ̀ títí tí ojú kan fi dúdú kirikiri, ibi kan náà, nínú oòrùn, níta ibòòji.

"Láti aago mélòó?"

"Mẹ́ta. Títí di mẹ́fà."

"Lójoojúmọ́?"

"Mi ò kí ń ṣiṣẹ́ ní Sunday," ni Eligio dáhùn, ojú sì tì í gan-an.

Candelario kò rẹ́rìn-ín. Ó mú agolo ọ̀dà funfun, ó kán ẹ̀kán kan sínú pupa, ó rò ó, ó gbé e wò. Kò tíì tó. Ó tún kán òmíràn, ó kán yẹ́lò díẹ̀ sí i. Páálí méje ló lò kí ó tó rí àwọ̀ tí oòrùn ọdún mẹ́sàn-án fún tánkì náà.

"Mo máa ń rí i," ló sọ, kò gbójú sókè. "O rò pé mi ò rí i? Ìdí tí mo fi yí àga mi kọjú sí ògiri nìyẹn."

Eligio ti ń rí ẹ̀yìn Candelario láti ọdún wọ̀nyí, ìgbéraga ló kà á sí. Ó ti sọ ọ́ fún èrò púpọ̀. Candelario fi ìwé ìròyìn àti tépù bo ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé, ó fọ́n pupa, ó fọ́n èyí tó ń dán lé e, ó sì ní kó padà wá láàárọ̀.

Ní Friday, Eligio dé kí Fausto tó jí. Candelario ti ń fi aṣọ rírọ̀ nu tánkì. Eligio na ìka, ó fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò há sí ibì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá ìlà náà bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já bọ́ sínú koríko. Inú rẹ̀ kò dùn bó ṣe yẹ kó dùn. Nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò máa bá èrò sọ láti ọ̀la lọ.

Candelario ká aṣọ náà, ó tún un ká.

"Èmi ni," ló wí. "Táyà bárò ò ní atẹ́gùn, ó yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti rí i. Má bínú, compadre."

Eligio ti ní èsì sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí. Ó gùn, ó ní orí, ó ní ìdí, ó ti kà á sókè lórí alùpùpù láìmọye ìgbà, ọ̀rọ̀ èébú mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó la ẹnu. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti darúgbó. Ó wo tánkì.

"Kí lo ṣe?" ló bi í.

"Ìlà yẹn."

"Ìlà wo? Fi hàn mí."

Ní òdìkejì títì, Fausto ti dé, ó ń pe nọ́ńbà kẹrin. Candelario na ìka sí tánkì, ó gbé e síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó di ojú, ó tún fi ọwọ́ wá a. Kò rí i.